Ṣílè Kan sí Fàráńkì Mọ́kànlélọ́gbọ̀n: Bí Mo Ṣe Lọ sí Kútọnu tí Mo sì Bọ̀

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, mo kí yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìkòròdú tí ọ̀rọ̀ yìí ti dé etí yín, mo kí ẹ̀yin náà. Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ. Àwọn kan ní mo kó owó àbúrò mi fún obìnrin kan ní Kútọnu. Àwọn kan ní àwọn olè ló gbà á lọ́wọ́ mi lójú omi, pé ojú ló ń tì mí láti sọ. Ẹnì kan tilẹ̀ wà ní Ọjà Olúwo, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tó ní òun fojú ara òun rí kẹ̀kẹ́ tuntun tí mo fi owó náà rà. Kẹ̀kẹ́ wo? Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn títí di òní olónìí.

Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. N kò kọ ọ́ kí ẹ lè bá mi kẹ́dùn. Ohun tí mo ṣe burú ju obìnrin lọ, ó burú ju kẹ̀kẹ́ lọ, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ẹ̀pẹ́

Sùnmọ́nù ni orúkọ mi. Òwú àwọ̀n àti ìwọ̀ ẹja ni mò ń tà lẹ́bàá Ọjà Olúwo. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í san iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá lé ọjà. Bó jẹ́ iyọ̀ tọ́rọ́ ni mo fẹ́ rà, n ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ oníyọ̀ mẹ́ta. Bàbá wa tó ti di olóògbé ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ra ọjà lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, ọ̀lẹ ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Sùnmọ́nù Yọ-díẹ̀-kúrò, mo sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Lásísì ni àbúrò tó tẹ̀lé mi, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ọkọ̀ ojú omi ló ń tù láàrin Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ tó wà lábẹ́ àwọn Faransé, ẹrù ẹlẹ́rù ló sì ń kó. Ní ọjọ́ Ajé kan, ọkùnrin kan tó ń ra ẹja gbígbẹ lọ sí Àjàṣẹ́ mú iṣẹ́ wá bá wa nílé pé àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ Faransé ti mú Lásísì. Wọ́n bá tábà tí wọn kò san owó bodè lé lórí lábẹ́ ẹní nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ni tábà ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ilé ẹjọ́ ní Kútọnu ní kí Lásísì san ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fàráńkì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn yóò mú un lọ sápá òkè ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, yóò sì máa fọ́ òkúta fún ọdún méjì. Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì ni ìparí. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù.

Gbogbo wa tí a wà nílé lọ́jọ́ náà la mọ ohun tí ọdún méjì náà túmọ̀ sí. Láti kékeré ni àyà ti ń dun Lásísì. Bí ọyẹ́ bá dé, ikọ́ kì í jẹ́ kó fojú kan oorun, ìyá wa ni í máa jókòó tì í. Ìyá wa kò sunkún. Ó wọ yàrá, ó mú yẹtí wúrà rẹ̀ jáde, ó ní kí n lọ tà á. Àwọn ẹbí mú tiwọn wá, ẹlòmíràn pọ́n-ùn kan, ẹlòmíràn ṣílè mẹ́ta. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, owó náà pé pọ́n-ùn méjìlélọ́gbọ̀n. Wọ́n ní kí n gbé e lọ, nítorí èmi ni àgbà, èmi ni mo sì mọ ọjà ná.

Ìyá Mọ̀líkì, àgbà obìnrin tó ń fi ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí Àjàṣẹ́, ni gbogbo ìlú mọ̀ pé owó Faransé kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó ní òun yóò fún mi ní fàráńkì mẹ́rìnlélógún lórí ṣílè kọ̀ọ̀kan. Mo rò ó lórí: yóò gbé owó ìtanràn náà, díẹ̀ yóò sì ṣẹ́kù tí a ó fi jẹun bọ̀ wálé.

Mo ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ ó di méjìdínlọ́gbọ̀n.”

“Sùnmọ́nù, ẹja ni mò ń tà, n kì í tawó. Iye tí àwọn ọmọ mi ń gbà á níbẹ̀ náà ni mo pè fún ọ. N kò jèrè kọ́bọ̀ lórí ẹ.”

“Ẹ fi méjì péré lé e, nítorí Ọlọ́run.”

“Nítorí Ọlọ́run náà ni mo ṣe pè é bẹ́ẹ̀. Àbúrò ẹ wà látìmọ́lé, o wá dúró ń nájà?”

Ó tú ìdì owó náà síwájú mi kí n lè rí i. Ó ti rọ̀ bí àkísà, ó sì ń rùn bí ẹja gbígbẹ. Àwòrán ènìyàn dúdú ló wà lára rẹ̀. Mo gbé e sókè, mo gbóòórùn rẹ̀, mo sì gbé e kalẹ̀. Àwa tí a ń gbé láàrin ẹja látàárọ̀ dalẹ́ ni mo ń sọ yìí o, àwa tí òórùn ẹja wà lára ẹní tí a ń sùn lé. Síbẹ̀ mo rò lọ́kàn mi pé owó tó bá ti rí báyìí, ó ti gbó, kò lè níyì lójú òyìnbó.

Mo ní, “Ẹ jẹ́ n yí i ká ná, Ìyá. Màá padà wá.”

Ó ní, “Máa yí i ká. Ọjọ́ náà ń yí lọ pẹ̀lú ẹ.”

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe nítorí Lásísì nìkan ni mo ṣe ń wá fàráńkì tó pọ̀. Mo ti gbọ́ pé òwú náílọ́ọ̀nù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èyí tí omi kì í jẹ rà, kò wọ́n ní Kútọnu. Mo fẹ́ fi èyí tó bá ṣẹ́kù ra òwú náà wá tà. Bí mo ti ń wo ojú ìyá mi nígbà tó ń di owó náà mọ́ mi nídìí, òwú ni mò ń rò.

Ìkòròdú

Ilé àna mi kan, Músá, ni mo dé sí ní Ìkòròdú. Wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní gáréèjì ibẹ̀ ń bá ara wọn du oníbàárà, pé iye tí wọ́n ń san ju ti Ẹ̀pẹ́ lọ. Òótọ́ ni. Bí mo ti débẹ̀ lọ́jọ́rú, àwọn tó ń pe èrò sí ọkọ̀ ló kọ́kọ́ rọ̀gbà yí mi ká, tí wọ́n ń fa àpò mi sọ́tùn-ún sósì. Mo bọ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì rí àwọn tó ń ṣẹ́ owó lábẹ́ ìbòòji tí wọ́n fi páànù ṣe, wọ́n jókòó sórí àpótí, owó wà lábẹ́ itan wọn.

Ẹni àkọ́kọ́ pè é ní mẹ́rìnlélógún. Ẹnì kejì pè é ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹnì kẹta, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń jẹ obì, ní, “Ẹ̀gbọ́n, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́.” Ọkàn mi fò fún ayọ̀. Ẹni tó bá gbọ́n yóò gbà á lójú ẹsẹ̀. Èmi bi í léèrè pé ṣé kò ní lé sí i. Ó fi ojú wò mí láti òkè délẹ̀, ó rí i pé ẹni tí òun lè dá dúró ni mí, ó sì ní bí mo bá dúró di lọ́la, ó lè lé.

Báyìí ni mo ṣe dúró. Ọ̀la dé, wọ́n ní ọ̀tunla. Ọjọ́bọ̀ lọ, Jímọ̀ lọ. Ìyàwó Músá ń se ìkókórẹ́ aládùn fún mi láràárọ̀, mo ń jẹ ẹ́, mo ń fọwọ́ nu ẹnu, mo ń padà sí gáréèjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, obìnrin náà gbé àwo kalẹ̀ níwájú mi, kò sì lọ.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ọjọ́ mélòó ló kù fún Bọ̀dá Lásísì?”

Mo ní, “Ọjọ́ pọ̀ ńlẹ̀. Ọ̀nà Kútọnu kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.”

“Ẹ má ṣàìlọ, ẹ jọ̀ọ́. Owó díẹ̀ tó tètè dé sàn ju púpọ̀ tó pẹ́ lọ.”

Mo bínú sí i. Mo ní obìnrin kò mọ ọjà Faransé. Bí mo bá rántí ohùn tí mo fi sọ ọ́, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí.

Ìpakòdó

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kan gééré lẹ́yìn tí iṣẹ́ dé, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo pinnu láti gba mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà kí n sì wọkọ̀. Ọkùnrin kúkúrú náà kò sí lórí àpótí rẹ̀. Àwọn yòókù ní owó ti já wálẹ̀, mẹ́tàlélógún ni wọ́n ń pè. Ìbínú gbé mi, mo kọrí sí Ìpakòdó létí omi, mo ní n ó ṣẹ́ ẹ ní Àjàṣẹ́ bí mo bá débẹ̀.

Lórí afárá tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí ni mo ti pàdé ọkùnrin náà. Ó wọ ṣòkòtò kàkí tí wọ́n lọ̀ dáadáa, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó ní òun ń bá ọkọ̀ òkun ṣiṣẹ́, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú àwọn Faransé dé, òun ń lọ bá àwọn òbí òun ní oko, owó Gẹ̀ẹ́sì ni òun sì nílò. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ń pè mí ní “ẹ̀yin”, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a jọ lè jẹ́ ẹgbẹ́.

Mo bi í, “Mélòó lórí ṣílè kan?”

Ó ní, “Ẹ mú ọgbọ̀n.”

Ẹ gbà mí gbọ́, n kò gbọ́ iye bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìwà ò ṣeé fi sílẹ̀. Mo ní, “Fi ọ̀kan lé e.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọ̀kan lé e.

Ó ṣí àpò awọ kan, ó mú owó jáde. Owó tuntun ni, ó ń dún gbajagbaja lọ́wọ́, ó sì ń rùn bí ìwé tuntun. Àwòrán òyìnbó ló wà lára rẹ̀, kò sí ènìyàn dúdú kankan níbẹ̀. Èyí ló tún mú mi lọ́kàn jù. Ṣé orí ọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló wà lára ṣílè tiwa, tí ayé fi ń gbà á? Mo ní èyí gan-an ni ògidì, èyí tí Ìyá Mọ̀líkì fẹ́ gbé fún mi, tàwọn aláìní ni. Mo lè ka Yorùbá, mo lè ka Lárúbáwá, mo sì ń tọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè ka ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí àwọn Faransé kọ sára owó náà. N kò sì bi ẹnikẹ́ni. Ta ni n ó bi? Ẹni tó bá fi èrè rẹ̀ han ará ọjà, wọn yóò bá a pín in.

Mo kà á, ó dín díẹ̀ ní ọ̀kẹ́ kan, ogún ẹgbẹ̀rún fàráńkì. Mo lọ sẹ́yìn àwọn àgbá, mo dì í mọ́ ìdí mi, mo so ó ní ìlọ́po mẹ́ta. Bí ọkọ̀ ti ń ṣí kúrò, mo ń dá rẹ́rìn-ín. Mo ń sọ fún ara mi pé kò sí irú mi láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Èkó.

Àjàṣẹ́

Láti Ìpakòdó dé Èkó, láti Èkó dé Àgbádárìgì, láti Àgbádárìgì dé Àjàṣẹ́, omi ni, omi ni ṣáá. Ṣílè díẹ̀ tí mo fi sọ́tọ̀ ni mo ń ná lójú ọ̀nà. N kò tú ìdì náà.

Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí a gúnlẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Àlejò pátápátá ni mo dà. Nílé, ará Ẹ̀pẹ́ ni mí, ọmọ àwọn tó bá ọba wọn sá kúrò ní Èkó. Níbẹ̀, Ànàgó ni wọ́n ń pè mí, èmi àti ará Kétu àti ará Ọ̀yọ́, Ànàgó ni gbogbo wa. Wọ́n ń sọ Ẹ̀gùn sí mi, mo ń mi orí. Ilé ẹlẹ́ja tó mú iṣẹ́ wá fún wa ni mo sùn. Kí n tó jókòó, ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá nínú igbá, ó sì kọ́kọ́ mu díẹ̀ nínú rẹ̀ níṣojú mi kó tó gbé e fún mi. Ó yà mí lẹ́nu. Mo rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ọkọ rẹ̀ ní àṣà wọn ni, kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú omi náà. Mo mu ún, inú mi sì tutù. Ènìyàn tí kò mọ̀ mí rí fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ omi wò fún mi.

Wọ́n fún mi ní àkàsà tó rọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní lío, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata tútù tí wọ́n lọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà. N kò jẹ irú rẹ̀ rí. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ọwọ́ mi. Nígbà tí ọkọ náà bi mí bóyá owó ti pé, mo ní ó pé, ó tún lé. Ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi wò ó. Mo ní kò sí wàhálà. Mo ń rò pé bó bá rí i, yóò ní kí n yá òun.

Kútọnu

Iyanrìn ni Kútọnu. Ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀ níbi gbogbo, òkun sì ń ké láìsinmi títí etí ènìyàn á fi di. Láàárọ̀, àwọn ènìyàn dúdú bíi tiwa ń rìn lọ sí iṣẹ́, búrẹ́dì gígùn bí ọ̀pá lábẹ́ apá wọn. Wọ́n ń mu kọfí dúdú tí wọ́n da wàrà agolo sí nínú ife ńlá, wọ́n ń ti búrẹ́dì bọ inú rẹ̀. Ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, wọn yóò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́pàá wọn kì í dáhùn bí o kò bá ṣí fìlà. Mo ṣí fìlà títí orí mi fi móoru.

Bàbá Ráájì ni mo dé sílé rẹ̀ lọ́jọ́rú. Àgbà télọ̀ ni, ọmọ Èkó tí wọ́n bí sí Àjàṣẹ́, òun ló ń gbé oúnjẹ lọ fún Lásísì láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un. Ó rí mi, ó ní, “Sùnmọ́nù, a ti ń wo ọ̀nà rẹ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta.” Mo tẹ orí ba. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni òun àti èmi jọ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń san owó ìtanràn, kó lè bá mi sọ Faransé.

Akọ̀wé tó wà níbẹ̀, ènìyàn dúdú ni, ó wọ dígí. Mo tú ìdì owó mi, mo kó o síwájú rẹ̀ tìyangà-tìyangà. Ó mú ẹyọ kan, ó yí i padà, ó wo Bàbá Ráájì, ó sì sọ nǹkan kan. Bàbá Ráájì gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà wò ó. Ojú rẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Ó ní, “Ọmọ mi, ibo lo ti rí èyí?”

“Mo ṣẹ́ ẹ ni, Bàbá. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n lórí ṣílè kan.”

“Owó tí wọ́n ń ná nílùú wọn lọ́hùn-ún lèyí. Èyí tí wọ́n tẹ̀ fún wa níbí yàtọ̀. Méjì tiwọn ni ẹyọ kan tiwa. Tiwa ló lágbára jù.”

Mo ní, “Bàbá, òyìnbó ló wà lára rẹ̀.”

Ó ní, “Mo rí i.”

Akọ̀wé náà ń kà á lọ, ó ń fi í sí méjì-méjì. Nígbà tó kà á tán, gbogbo rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Bàbá Ráájì ní bí ọkùnrin tó ṣẹ́ ẹ fún mi bá fún mi ní méjìdínláàádọ́ta lórí ṣílè kan ni ì bá tó jẹ́ pé mo rí owó mi gbà. Mo rántí mẹ́rìnlélógún Ìyá Mọ̀líkì, tó ń rùn bí ẹja. Ìyẹn ì bá ti san gbèsè náà tán lórí tábìlì yẹn, Lásísì ì bá sì bá mi jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ọgbà

Wọ́n jẹ́ kí n rí Lásísì lẹ́yìn wáyà ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ti fá orí rẹ̀. Ó ti rù, ikọ́ náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó rí mi, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀nà o. Ìyá wa ńkọ́?”

“Wọ́n wà. Wọ́n ní kí n kí ọ.”

“Ẹ ti mówó dé?”

Mo ní, “Ó ku díẹ̀. Lónìí, ó pẹ́ tán, lọ́la.”

Ó ní, “Mo ti sọ fún wọn níbí. Mo ní bó bá jẹ́ Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bọ̀, kò sí ìyọnu.”

Mo fi ẹnu kan náà tí mo fi ń yin ara mi lójú omi sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀.

Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ mi kò dúró. Mo ta aago ọwọ́ mi. Mo ta agbádá tí mo wọ̀ lọ. Ilẹ̀ àjèjì ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta nǹkan ní iye tí ẹni àkọ́kọ́ bá pè: mo kàn ń sọ pé “mú un” ni, kíá. Bàbá Ráájì mú owó ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun tó ń tọ́jú jáde fún mi. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó dìde láàrin mọ́ṣáláṣí, ó sọ ọ̀rọ̀ mi, àwọn tí kò mọ ilé mi, tí kò mọ ọ̀nà mi, sì ń ju fàráńkì sínú fìlà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú bùbá, ojú ń tì mí, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n má tíì tú ká.

Owó náà di ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá àti díẹ̀. A sáré lọ sí ọ́fíìsì. Akọ̀wé dígí náà kò burú. Ó jókòó dúró dè wá títí aago fi kọjá. Ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe, wọn kì í gba àbọ̀, ìwé yóò sì lọ sọ́wọ́ ọ̀gá òun nírọ̀lẹ́ náà. Bàbá Ráájì bẹ̀ ẹ́ títí. Èmi dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ńtì. Akọ̀wé náà yí ojú sápá kejì, ó pa ìwé ńlá rẹ̀ dé.

Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ márùn-ún ló tún kù fún mi, ǹ bá ti padà sílé wá gbé pọ́n-ùn díẹ̀ sí i. Ọjọ́ márùn-ún náà, inú gáréèjì Ìkòròdú ni mo ti jẹ ẹ́, pẹ̀lú ìkókórẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n kó wọn wọ ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n so wọ́n ní méjì-méjì. Wọ́n gbà fún mi kí n fún un ní búrẹ́dì àti aṣọ òtútù kan tí Bàbá Ráájì rán. Lásísì gbà á, ó gbé e sórí itan. Kò bínú. Ìyẹn ló ń pa mí.

Ó ní, “Bàbá Ráájì ti sọ fún mi. Ẹ̀gbọ́n, mélòó lẹ fi ṣẹ́ ẹ?”

Mo ní, “Mọ́kànlélọ́gbọ̀n.”

Ó mi orí. “Ó pè é ní ọgbọ̀n, àbí? Ẹ ní kó fi ọ̀kan lé e.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ikọ́ sì dá ẹ̀rín náà dúró. Nígbà tó wúkọ́ tán, ó ní, “Ẹ má sọ fún Ìyá wa o. Ẹ sọ pé wọ́n bu owó lé e.” Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo bá a rìn títí dé ibi tí iyanrìn kò jẹ́ kí n lè sáré mọ́.

Ilé

Mo dá owó Bàbá Ráájì àti ti àwọn ará mọ́ṣáláṣí padà. Mo kó ìyókù wálé. N kò ra òwú kankan. Mo ṣe bí Lásísì ti wí: mo sọ fún ìyá mi pé owó kò tó, pé àwọn Faransé bu owó lé e nígbà tí mo débẹ̀. Ó gbà mí gbọ́. Ó tilẹ̀ tù mí nínú, ó ní mo gbìyànjú, ó ní kí n lọ jẹun. Mo dá owó ẹbí padà fún wọn bó ti ṣẹ́kù, wọ́n sì rí i pé kò pé mọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ obìnrin àti kẹ̀kẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún tí mo padà dé, lẹ́tà Bàbá Ráájì dé. Lásísì ti kú lápá òkè lọ́hùn-ún láàrin ọyẹ́. Wọ́n ti sin ín síbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n jọ wà ní ọgbà ló kírun sí i lára.

Èmi ni mo ka lẹ́tà náà fún ìyá mi, nítorí kò mọ̀wé. Ó jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè.

Ó ní, “Sùnmọ́nù, wọ́n ti ń sọ oríṣiríṣi lọ́jà. N kò bi ọ́ rí. Òní ni mo fẹ́ bi ọ́, lẹ́ẹ̀kan péré. Owó tí mo dì mọ́ ọ nídìí lọ́jọ́ yẹn, ṣé ó tó gba ọmọ mi sílẹ̀, àbí kò tó?”

Mo ní, “Ó tó, Ìyá.”